Ìmọ̀ ìbílẹ̀ àti ìtọ́jú igbó: kí ni wọ́n ń jà sí gan-an?

Bí ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ tàbí lórí igbó bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, gbólóhùn kan kì í pẹ́ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan: pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kò ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ayé lọ, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ni ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun abẹ̀mí tó ṣẹ́ kù láyé wà. Àwọn kan á máa pín in kiri pẹ̀lú àwòrán igbó Amazon. Àwọn mìíràn á fèsì pé àsọdùn ni, pé bí ìmọ̀ àtijọ́ bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìṣẹ́ ń bá àwọn tó ni ín fínra? Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ìjà láàárín àṣà àti sáyẹ́ǹsì.

Ìjà tó ń lọ nílé ẹjọ́ àti ní yàrá ìpàdé yàtọ̀ sí èyí. Ilẹ̀, òfin àti owó ni wọ́n ń fà lọ́wọ́ ara wọn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni ti ìdá 80 yẹn?

Rárá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn olùwádìí kan, tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fúnra wọn wà lára wọn, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé àwọn wá orísun nọ́ńbà náà títí, àwọn ò rí i. Ìwé tó lé ní 300 ló ti tọ́ka sí i, àwọn àjọ ńláńlá ti fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka iye àwọn ohun abẹ̀mí náà rí. Ta ni ìbá tiẹ̀ lè kà wọ́n tán? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kòkòrò tó wà láyé ni sáyẹ́ǹsì kò tíì sọ lórúkọ, áńbọ̀sì ká mọ ilẹ̀ ẹni tí wọ́n ń gbé.

Èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018. Ó fi hàn pé ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ń tọ́jú tàbí tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ lé lórí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 38 kìlómítà níbùú lóòró, káàkiri orílẹ̀-èdè 87. Ìyẹn tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ ayé. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí àwọn ìjọba ti kéde pé ó wà lábẹ́ àbò ló sì bọ́ sórí ilẹ̀ wọn. Àwọn tó tú àṣírí ìdá 80 yẹn kò bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ṣọ̀tá. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni pé lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá já irọ́ náà, òótọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè bá a lọ.

Ta ni wọ́n ń pè ní ọmọ ìbílẹ̀?

Ibí ni ìtumọ̀ ti ń lọ́ pọ̀, lédè wa pàápàá. Bí mo bá kọ ‘ọmọ onílẹ̀’ síbí, ọkàn gbogbo wa á fò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbowó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Nítorí náà, ‘ọmọ ìbílẹ̀’ ni mo dì mú.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo de ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń wò ni pé àwọn èèyàn náà ti wà lórí ilẹ̀ kan kí ìjọba tó wà lórí wọn lónìí tó dé, pé wọ́n ní àṣà, èdè àti ìṣàkóso tiwọn, àti pé agbára ìjọba kò sí lọ́wọ́ wọn. Àwọn Sámì ní àríwá Yúróòpù, àwọn Māori ní New Zealand, àwọn San ní gúúsù Áfíríkà àti àwọn Ogiek ní Kẹ́ńyà wà lára wọn. Lọ́dún 2007 ni Àjọ náà dìbò lórí ìkéde ẹ̀tọ́ wọn. Orílẹ̀-èdè 144 gbà á wọlé. Mẹ́rin kọ̀ ọ́: Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà àti New Zealand, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì yí ọkàn padà lẹ́yìn náà. Mọ́kànlá kò dá sí i, Kẹ́ńyà àti Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba Áfíríkà ń sọ ni pé gbogbo ọmọ Áfíríkà ni ọmọ ìbílẹ̀, kí ló dé tí ẹ̀yà kan yóò fi gba oyè náà lọ́tọ̀?

Nínú ìwé àdéhùn, wọ́n sábà máa ń so wọ́n pọ̀ mọ́ ‘àwọn ará agbègbè’, ìyẹn àgbẹ̀, apẹja àti darandaran tí kò pe ara wọn ní ọmọ ìbílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ ń bọ́. Ní ìpàdé àgbáyé lórí ohun abẹ̀mí tó wáyé ní Cali lórílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà lọ́dún 2024, wọ́n tún dárúkọ àwọn ìran Áfíríkà mọ́ wọn, àwọn tí baba ńlá wọn ti oko ẹrú sá wọ igbó tí wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀.

Kí ni wọ́n mọ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀?

Kò sí bí a ṣe lè dáhùn èyí láìfi ojú lélẹ̀ níbì kan. Ẹ wo abúlé Gourga ní àríwá Burkina Faso. Ọ̀dá ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di pẹrẹsẹ líle. Òjò tó bá rọ̀ á ṣàn kọjá lórí rẹ̀ bí omi tí wọ́n dà sórí páànù. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yacouba Sawadogo, tí kò mọ̀wé kọ, mú ọgbọ́n àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní zaï, ó sì tún un ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn aládùúgbò ń dúró de òjò, ó ń gbẹ́ kòtò kéékèèké tó jìn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ń da ìgbẹ́ ẹran àti ewé sí i. Ìgbẹ́ náà pe ikán. Ikán gbẹ́ ihò tóóró-tóóró wọnú ilẹ̀ líle náà, ó sì gbé oúnjẹ rẹ̀ wọlé. Ìgbà tí òjò dé, omi rí ọ̀nà gbà.

Ẹ rò ó wò: àgbẹ̀ tó ń fi oúnjẹ pe ikán wá sóko. Wọ́n pè é ní wèrè, wọ́n sì dáná sun igbó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkà bàbà àti jéró hù níbi tí koríko ò ti hù mọ́, kóró igi tó wà nínú ìgbẹ́ náà sì hù pẹ̀lú rẹ̀. Kò gé wọn, ó ń tọ́jú wọn, títí tí wọ́n fi di igbó tó lé ní 20 hẹ́kítà. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká dá a lọ́lá lọ́dún 2020. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023.

Ní erékùṣù Bali lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà, ìmọ̀ náà kò sí lórí ẹnì kan. Inú ètò ló wà. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní subak ló ń pín omi láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, tẹ́ńpìlì omi ló sì ń pàṣẹ ìgbà tí oníkálùkù yóò tú omi sóko àti ìgbà tí gbogbo oko yóò sinmi. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba mú ìrẹsì tuntun, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò dé, wọ́n ní kí kálukú máa gbìn láìdúró. Ìkórè kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, omi kò kárí mọ́, kòkòrò sì bo oko, nítorí pé ìgbàkígbà ni ìrẹsì tútù ń bẹ níbì kan fún kòkòrò láti ṣí lọ. Ìgbà tí gbogbo oko ń sinmi pọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ebi ń pa kòkòrò kú. Onímọ̀ nípa ìṣẹ̀dá ènìyàn kan, J. Stephen Lansing, àti James Kremer gbé gbogbo ètò náà sórí kọ̀ǹpútà. Èsì tí kọ̀ǹpútà gbé jáde kò jìnnà sí ohun tí tẹ́ńpìlì ti ń pa láṣẹ. UNESCO fi subak sínú àwọn ogún ayé lọ́dún 2012.

Ìmọ̀ mìíràn kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ní erékùṣù Simeulue, lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà kan náà, omi òkun ya wọ ìlú lọ́dún 1907, ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó yè é sọ ọ́ di ìtàn àti orin fọ́mọdé: bí ilẹ̀ bá mì tìtì, tí òkun sì fà sẹ́yìn, ẹ kígbe ‘smong’, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe omi òkun tó ń ya wọ ìlú, ẹ sá gun òkè. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, bí ilẹ̀ ṣe mì, igbe náà ta. Nínú nǹkan bí èèyàn 78,000 tó ń gbé ibẹ̀, méje ló kú. Ní Aceh tó wà nítòsí wọn, òkú kò lóǹkà.

Ṣé iná lè gba igbó lọ́wọ́ iná?

Ó kù sọ́wọ́ irú iná tó jẹ́, àti ìgbà tí wọ́n dá a. Iná tó jó Ọsirélíà láàárín ọdún 2019 sí 2020 pa èèyàn 33, ilé tó lé ní 3,000 sì jóná. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ‘iná tútù’ ti gbòde. Òun ni iná tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ máa ń dá sí koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìrì ṣì ń sẹ̀. Iná náà kì í ga, ẹni tó dá a lè máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aláǹgbá àti kòkòrò ráyè sá fún un, kì í sì í dé orí igi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìrì á pa á. Koríko gbígbẹ tí ìbá di ìdáná fún iná ńlá nígbà tí oòrùn bá mú gan-an ti jó kúrò nílẹ̀ nìyẹn.

Ní ìwọ̀ oòrùn Arnhem Land, ní òkè àríwá Ọsirélíà, owó ti wọ̀ ọ́. Láti ọdún 2006 ni àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń gba owó iṣẹ́ náà, nítorí pé èéfín tó ń mú ayé gbóná kò pọ̀ nínú iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tó ti iná ìparí rẹ̀. Ní Kalifóníà, ọdún 1850 ni òfin ti fi ìyà sí i fún ẹni tó bá dáná sí pápá, àwọn Karuk àti Yurok tó ń fi iná tọ́jú igbó wọn sì di ọ̀daràn. Ọdún 2021 ni ìpínlẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà.

Àwọn panápaná kan kò gbà pé èyí tó. Wọ́n ní ilé ti wọnú igbó jù, igi òkú ti kún ilẹ̀, àti pé lọ́jọ́ tí oòrùn mú tí ìjì sì ń jà, kò sí iná tútù tó lè dá iná ńlá dúró. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọn kò jẹ́ káwọn dáná ló kó igi òkú náà jọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń wo igbó kan náà.

Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tọ́jú, kí ló dé tí wọ́n ń lé wọn?

Èrò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ti pẹ́: pé igbó gidi ni èyí tí èèyàn kò sí nínú rẹ̀. Yellowstone ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1872, di àwòkọ́ṣe fún ọgbà ìtọ́jú ẹranko káàkiri ayé, wọ́n sì lé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ń gbé inú rẹ̀ kúrò. Lọ́dún 1968, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà kan, Garrett Hardin, kọ ọ́ pé ohun tí gbogbo èèyàn bá jọ ní, gbogbo wọn ni yóò jọ bà á jẹ́: bí pápá bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, darandaran kọ̀ọ̀kan á máa fi màlúù kan kún un títí tí koríko fi máa tán. Ọ̀pọ̀ ìjọba gba ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, pé kí ìjọba gba ilẹ̀, tàbí kí wọ́n tà á fún aládàáni.

Olùwádìí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Elinor Ostrom, lọ wo ibi tí wọ́n ti jọ ń lo nǹkan gan-an, pápá ní Switzerland, igbó ní Japan, omi oko ní Spain. Ó rí i pé àwọn ará abúlé kì í fi nǹkan wọn sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, wọ́n ní òfin, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn fún aṣebi. Iṣẹ́ yìí ló fi gba ẹ̀bùn Nobel nínú ọrọ̀ ajé lọ́dún 2009, obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ọ̀rọ̀ Niger ló jẹ́ kí èyí yé mi jù. Láti ayé àwọn Faransé, òfin sọ pé ìjọba ló ni igi, kódà èyí tó hù láàárín oko ẹni. Kí ni àgbẹ̀ ṣe? Bí igi bá ti yọrí, á fà á tu, kí aṣọ́gbó má bàa wá bá a fa wàhálà. Nígbà tí ọwọ́ òfin náà dẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1980 síwájú, tí àgbẹ̀ gbà pé igi oko òun ti di tòun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú èèhù tó ń jáde lára kùkùté, pàápàá ní agbègbè Maradi àti Zinder. Àwọn olùwádìí fojú bù ú pé ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ló ti ní igi padà, igi tó tó mílíọ̀nù 200, láìjẹ́ pé wọ́n gbìn wọ́n. Ìmọ̀ gígé èèhù àti títọ́jú rẹ̀ ti wà tipẹ́. Ẹni tó ni igi ló yí padà.

Ìdí nìyí tí àdéhùn lórí ohun abẹ̀mí tí orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí ní Montreal ní oṣù kejìlá ọdún 2022 fi ń dá awuyewuye sílẹ̀. Ó ní kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun ayé wà lábẹ́ àbò kó tó di òpin ọdún 2030. Ó tún ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń bẹ̀rù pé gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ìjọba máa rántí. Àwọn àjọ aṣọ́gbó fèsì pé láìsí òfin àbò, agégi àti awakùsà ni yóò jogún ilẹ̀ náà, ọmọ ìbílẹ̀ á tún pàdánù ẹ̀.

Ta ló ni ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀?

Páténtì ni ìwé àṣẹ tó ń sọ pé ẹni tó gbà á nìkan ló lè fi ohun kan ṣòwò. Lọ́dún 1994, àjọ páténtì Yúróòpù fún ilé-iṣẹ́ kan àti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní àṣẹ lórí oògùn ebu tí wọ́n fi òróró dóńgóyárò ṣe. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ Íńdíà ti ń lò láti ayébáyé ni. Wọ́n pè é lẹ́jọ́. Wọ́n wọ́gi lé páténtì náà lọ́dún 2000, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì parí lọ́dún 2005. Ti atalẹ̀ pupa náà rí bẹ́ẹ̀: Amẹ́ríkà fún àwọn kan ní páténtì lórí fífi í wo egbò lọ́dún 1995, Íńdíà kó ìwé àtijọ́ jáde, wọ́n sì gbà á padà lọ́dún 1997.

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò ní Geneva lórí àdéhùn tuntun kan. Ẹni tó bá ń béèrè páténtì lórí ohun tó ti ara ewéko tàbí ẹranko wá gbọ́dọ̀ sọ orílẹ̀-èdè tó ti mú un àti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò sọ pé kó sanwó fún wọn. Orílẹ̀-èdè 15 gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú nílé kó tó di òfin. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ìdíwọ́ ni fún ìwádìí. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kan ní ó dẹ̀ jù. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọn ò dúró dè é. Láti 2019 ni àwọn oníṣòwò tíì rooibos ti gbà láti máa san ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ń ra ewé náà lóko fún àwọn Khoi àti San, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ tó ni ìmọ̀ ewé náà.

Ṣé gbogbo ohun tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ ló dára fún àyíká?

Rárá o. Nígbà tí àwọn Māori kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí New Zealand ní nǹkan bí ọdún 1300, ẹyẹ moa wà níbẹ̀, àwọn kan ga ju èèyàn lọ. Láàárín igba ọdún, wọ́n ti pa á tán. Àwọn tó ń ṣiyèméjì máa ń fi èyí gún ẹnu. Àwọn mìíràn ní lẹ́yìn irú àdánù bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin rāhui gbilẹ̀, ìyẹn títi ibi ìpẹja tàbí igbó pa fún ìgbà kan kó lè sinmi. Ìmọ̀ ìbílẹ̀ kì í bọ́ láti ọ̀run. Àṣìṣe wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ojú ọjọ́ tún ń yí padà. Ẹni tó ń fi ìdé ẹyẹ kan mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ lè rí ẹyẹ láìrí òjò. Àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ òtútù ní àríwá ayé, tó mọ yìnyín bí ẹní mowó ń bá yìnyín tí baba wọn ò rí rí pàdé. Ìmọ̀ kan náà tún lè wà lọ́wọ́ àwọn àgbà ọkùnrin nìkan, kí wọ́n má sì gbọ́ ti obìnrin tó ń pọnmi tó ń ṣẹ́gi lójoojúmọ́.

Níbo ni ọ̀rọ̀ dé?

Ní ìpàdé ojú ọjọ́ ní Glasgow lọ́dún 2021, àwọn ìjọba kan àti àwọn àjọ olówó ṣèlérí dọ́là bílíọ̀nù 1.7 fún ẹ̀tọ́ ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti ará agbègbè. Nínú ohun tí wọ́n ná lọ́dún àkọ́kọ́, ìdá 7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ọwọ́ àjọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tààrà. Ní Cali lọ́dún 2024, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí kò ní túká sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n sì ní ó kéré tán ìdajì owó àpò tuntun kan yẹ kó lọ sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ni yóò máa dá owó sí àpò náà, ẹni tó bá wù ni yóò sì dá a. Yerevan lórílẹ̀-èdè Àméníà ni wọ́n yàn fún ìpàdé tó tẹ̀ lé e, lọ́dún 2026.

Ẹjọ́ àwọn Ogiek ló ń fi hàn bí ìwé ṣe ń dé orí ilẹ̀. Ìjọba Kẹ́ńyà ní kí wọ́n kúrò nínú igbó Mau, pé orísun odò púpọ̀ ni, ó sì ń bà jẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ilé ẹjọ́ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ìdí yẹn kò tó láti lé wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ náà ní kí ìjọba san owó gbà-má-bínú fún wọn, kó sì fún wọn ní ìwé ilẹ̀ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn aṣọ́gbó tún wó ilé àwọn Ogiek kan nínú igbó Mau.